Etí Ìwé Tí Mo Gé Dànù

Ayọ̀bọ̀,
Ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn ìrun Àsárì.

Ràmọ́tà, Àjíkẹ́ ọmọ mi,

Ìyá Rísíkà tó ń ta ike lọ́jà ìlú yín ti fi lẹ́tà rẹ lé mi lọ́wọ́. Ó ní o sanra díẹ̀. Ìyá rẹ ní irọ́ ni, pé ẹni tó ń fi búrẹ́dì jẹun àárọ̀, tó tún ń fi búrẹ́dì jẹ talẹ́, níbo ló ti fẹ́ rí ara sanra. Ó ti di gààrí àti ẹ̀wà sínú àpò, Ìyá Rísíkà kan náà ni yóò gbé e wá fún ọ. Jẹ ẹ́, kí n lè rí àlàáfíà nínú ilé yìí.

Mo kí ọ kú oríire iṣẹ́ tuntun. Ọlọ́run á jẹ́ kó jẹ́ àṣelà fún ọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka lẹ́tà náà. Ìgbà àkọ́kọ́, mo rẹ́rìn-ín. Ìgbà kejì, ẹ̀rín náà tán lẹ́nu mi. Ìgbà kẹta, ẹ̀yìnkùlé ni mo lọ kà á sí, kí ìyá rẹ má baà rí ojú mi.

O ní wọ́n fi ọ́ sí iyàrá kọ̀ǹpútà ní láíbìrì ilé ẹ̀kọ́ gíga yín, pé ìwọ àti àwọn méjì mìíràn lẹ ó máa tẹ ìwádìí àwọn ọ̀mọ̀wé nípa agbègbè wa sínú ẹ̀rọ, tí ẹ ó sì máa kó o sórí dísíkẹ́ẹ̀tì, kí àwọn láíbìrì ibòmíràn lè rí i kà láìjẹ́ pé wọ́n wọkọ̀ wá bá yín. O ní inú àpótí kan lo ti rí ìwé Ọ̀gbẹ́ni Dúródọlá, èyí tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ nígbà tó ń rìn kiri Ayọ̀bọ̀, Ìgàndò àti Àgbàdo, tó ń bi àwọn àgbà léèrè nípa odò, ọ̀nà oko àti igi ààlà. O ní orí rẹ wú nígbà tí o rí orúkọ Ayọ̀bọ̀ wa nínú rẹ̀. Àmọ́ wọ́n ti gé etí gbogbo ewé ìwé náà. Ibi tí Ọ̀gbẹ́ni náà ti fi pẹ́ńsùlù kọ orúkọ ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ìdajì lẹ́tà ló kù níbẹ̀. Mádàámù tó jẹ́ ọ̀gá yín wá sọ pé ìtàn tí a kò mọ ẹni tó sọ ọ́ kì í ṣe ìwádìí, pé àhesọ ni, àti pé bí oṣù yìí bá ti parí, ẹ ó yọ ọ́ kúrò nínú iṣẹ́, ẹ ó sì kó o pọ̀ mọ́ àwọn ìwé tí wọ́n fẹ́ dà nù. O wá fi ẹ̀fẹ̀ parí ọ̀rọ̀ náà pé: “Bàbá, ẹni tó di ìwé yìí, kò gba fírídọ̀ọ̀mù lọ́dọ̀ ọ̀gá yín ṣá.”

Àjíkẹ́, ó gbà á. Èmi ni.

Mo mọ̀ pé o máa tún ibẹ̀ yẹn kà. Tún un kà. Èmi bàbá rẹ, tí o máa ń fi yangàn fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ pé ìwé tí mo bá dì, ọmọ ọmọ ló ń jogún rẹ̀, èmi ni mo gé etí ìwé yẹn. Mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Ìyá rẹ pàápàá, ìjẹta ló tó gbọ́, láti ìgbà tí a ti ń sùn sórí ẹní kan náà. Mo ti lé lọ́gọ́ta ọdún, ìwọ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìmọ̀ràn tí mo fẹ́ fún ọ, inú ẹ̀bi mi ni màá ti yọ ọ́, torí ibẹ̀ ni mo ti ní in lọ́pọ̀. Wọ́n ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Àkísà tèmi rèé. Gbà á, kí o fi nu tábìlì iṣẹ́ rẹ.

Ìkíní: iṣẹ́ tó dán lójú lè má dáa nínú.

O mọ̀ pé Múṣin ni mo ti kọ́ṣẹ́ ìdìwé, lọ́dọ̀ Bàbá Àkànní. Àwọn láíbìrì máa ń kó ìwé wọn tó ti ń já wá sọ́dọ̀ wa, a ó rán an, a ó lẹ̀ ẹ́, a ó fi páálí àti aṣọ bò ó lẹ́yìn. Bàbá Àkànní ní òfin kan tí kò gbọ́dọ̀ yẹ̀: ìwé tí wọ́n bá fọwọ́ kọ, a kì í gbé e sábẹ́ ọ̀bẹ. Èyí tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀, a lè gé e lẹ́gbẹ̀ẹ́ mẹ́ta kó lè dọ́gba. Èyí tí wọ́n fọwọ́ kọ, bó bá rí jákujàku, kó rí jákujàku bẹ́ẹ̀. Ó máa ń sọ pé, “Ẹni tó ń fọwọ́ kọ̀wé, kò síbi tí kò lè kọ nǹkan sí. Ẹ ṣọ́ra yín.”

Mo ti gba fírídọ̀ọ̀mù nígbà náà, mo wá ń bá a ṣiṣẹ́. Ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó èmi àti ìyá rẹ ṣì wà lẹ́nu. Ara mi gbóná, mo sì rò pé mo ti mọ iṣẹ́ ju ẹni tó kọ́ mi lọ. Bàbá Àkànní ṣẹ̀ṣẹ̀ ra mọṣíìnì ìgéwé tuntun, èyí tí ọ̀bẹ rẹ̀ máa ń gé ọgọ́rùn-ún ewé lẹ́ẹ̀kan bí ẹni gé mọ́ínmọ́ín. Mo fẹ́ràn ẹ̀rọ yẹn débi pé mo máa ń wá nǹkan tí màá gé.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, Bàbá Àkànní lọ síbi ìsọmọlórúkọ ní Ṣómólú. Ìwé Dúródọlá, tí láíbìrì yín gbé wá fún dídì, wà níwájú mi. Mo ti rán an, mo ti lẹ̀ ẹ́, ó ku kí n fi páálí sí i. Mo wo etí rẹ̀: ewé kan gùn, òmíràn kúrú, wọ́n sì fi pẹ́ńsùlù họ nǹkan sí ẹ̀gbẹ́ wọn wúruwùru. Mo ní ṣé irú èyí ni màá jẹ́ kí wọ́n rí, kí wọ́n máa sọ pé Làmídì ló dì í? Mi ò ka ẹyọ ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀. Mo gbé e sábẹ́ ọ̀bẹ, mo fà á wálẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ìwé náà sì dán bí ọṣẹ tuntun. Mo kó àwọn etí tó já sílẹ̀ jọ, mo kó wọn sídìí àdògán tí a fi ń se sítáàṣì tí a fi ń lẹ̀wé, mo ṣáná sí i. Orúkọ àwọn àgbà Ayọ̀bọ̀ ni mo fi se sítáàṣì lọ́jọ́ yẹn, Àjíkẹ́, mo tún ń súfèé.

Nígbà tí Bàbá Àkànní dé, ojú rẹ̀ ti ń ṣú díẹ̀díẹ̀ láyé ìgbà yẹn, ó kàn fi àtẹ́lẹwọ́ ra etí ìwé náà láìmọ èwo ni, ó ní, “Làmídì, ọwọ́ rẹ ti mọ́.” Láíbìrì náà yìn mí. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run.

Ẹ̀rọ tí wọ́n gbé fún ọ yẹn lágbára ju ọ̀bẹ mi lọ láti mú nǹkan dọ́gba. Gbogbo lẹ́tà ló máa tóbi bákan náà, gbogbo ìlà ló máa tọ́. Ó wuyì. Ṣùgbọ́n kí o tó tẹ ohun tó wà láàárín ìwé, kọ́kọ́ wo etí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fagi lé, àmì ìbéèrè kékeré, ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé lágbájá ní ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀, tẹ gbogbo rẹ̀. Bí Mádàámù bá ní kò sáyè fún un, fi pẹ̀lẹ́tù bẹ̀ ẹ́ kó wá àyè sí i. Ohun a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ìkejì, èyí ló dùn mí jù: ọjọ́ tí o bá ba nǹkan jẹ́, sọ ọ́ lọ́jọ́ náà.

Oṣù kan lẹ́yìn ìyẹn, Ọ̀gbẹ́ni Dúródọlá fúnra rẹ̀ gbé ìwé náà wá sí ṣọ́ọ̀bù wa. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, bàtà rẹ̀ kún fún eruku, ó dà bí ẹni tó ti oko dé. Ó ṣí ìwé náà síwájú mi. Ó ṣí ojú ewé mìíràn. Ó tún ṣí òmíràn.

“Ta ló gé e?”

“Ọ̀gá, bí wọ́n ṣe gbé e wá náà la ṣe dì í.”

“Kò rí báyìí nígbà tó kúrò lọ́wọ́ mi. Èmi fúnra mi ni mo gbé e fún láíbìrì.”

“Ó lè jẹ́ ọ̀dọ̀ tiwọn ni, sà. Àwa ò fọ̀bẹ kàn án.”

Bàbá Àkànní gbọ́ láti inú, ó jáde. “Ọ̀gbẹ́ni, a kì í gé ìwé tí wọ́n fọwọ́ kọ níbí. Mo fi Ọlọ́run búra.” Bàbá tó kọ́ mi níṣẹ́ fi Ọlọ́run búra lórí irọ́ mi, kò sì mọ̀. Mo dúró síbẹ̀, mò ń fi aṣọ nu tábìlì tó ti mọ́.

Ọ̀gbẹ́ni náà ò bínú. Ká ní ó bínú ni, ì bá sàn fún mi. Ó kàn pa ìwé dé, ó ní, “Ó dáa. Màá tún lọ bá wọn, àwọn tó bá ṣì kù nínú wọn.” Àìsàn ò jẹ́ kó lọ. Kí ọdún yẹn tó parí, a gbọ́ pé ó ti kú. Ìgbà tí mo gbé ìwé lọ sí láíbìrì náà, mo gbọ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ méjì ń sọ pé ọkùnrin dáadáa ni Dúródọlá, àmọ́ kò mọ ìwádìí ṣe, pé kò tiẹ̀ kọ orúkọ àwọn tó bá a sọ̀rọ̀. Mo sọ ẹrù mi kalẹ̀, mo bá ẹsẹ̀ mi sọ̀rọ̀.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi ti lé lógún ọdún kí lẹ́tà rẹ tó bá a. Níbi iṣẹ́ rẹ, o máa ṣèèṣì. O máa tẹ ohun tí kò yẹ kí o tẹ̀, iṣẹ́ odidi ọjọ́ kan á sì pòórá. Má lọ sílé lọ́jọ́ yẹn kí o tó sọ fún ọ̀gá rẹ. Jẹ́ kó bá ọ wí. Ìbáwí ọjọ́ kan kì í pa ènìyàn. Ṣùgbọ́n ẹ̀bi tí o bá gbé lé ẹlòmíràn lórí, o ò mọ bó ṣe máa pẹ́ tó lórí onítọ̀hún.

Ẹ̀kẹta kúrú: ẹ má da ìwé nù nítorí pé ẹ ti ní dísíkẹ́ẹ̀tì. Mo bi ọkùnrin tó ń tẹ̀wé fúnni nítòsí Ìpájá léèrè, ó ní eruku àti ooru máa ń bà á jẹ́. O rántí àwọn àwo rẹ́kọ́ọ̀dù bàbá mi tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì? Wọ́n wà níbẹ̀, kò sí èyí tó sán. Ẹ̀rọ tó máa kọ wọ́n dà? Igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ẹ tọ́jú ìwé, ẹ tọ́jú dísíkẹ́ẹ̀tì méjì, kí ẹ sì fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí láíbìrì mìíràn, kó má jẹ́ pé tí òrùlé kan bá jò, ìtàn ìlú mẹ́ta á bá a lọ.

Ó yá, jẹ́ kí n sọ ìdí tí orúkọ tó wà létí ìwé fi ṣe pàtàkì. Mi ò mọ iye tí mo ti kà dé mọ́, má ṣe bá mi kà á.

O rántí ìsun omi tó wà nísàlẹ̀ òkè, lẹ́yìn mọ́sálásí kékeré. Ìwọ náà ti gbé kẹ́ẹ̀gì lọ síbẹ̀. Gbogbo wa la jọ ń pọnmi níbẹ̀, onílẹ̀ àti àjèjì, àwa tí a ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá àti àwọn tó bá wa ní Ayọ̀bọ̀. Lọ́dún tí o wọ sẹ́kọ́ńdìrì, ọkùnrin kan ra ilẹ̀ etí omi náà, ó sì fi búlọ́ọ̀kù yí ìsun náà ká. O sunkún nítorí pé o ní láti máa rìn dé ìsàlẹ̀ odò. Ohun tí o ò mọ̀ ni ohun tó ṣẹlẹ̀ níbi ìpàdé àdúgbò.

Tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì wọkọ̀ lọ sí láíbìrì yín, ó fọwọ́ da ojú ewé kan kọ nínú ìwé Dúródọlá, ó sì kà á sétí gbogbo wa. Ibẹ̀ sọ pé ẹni tó kọ́kọ́ dáko síbẹ̀ ti fi ìsun náà sílẹ̀ fún gbogbo ayé, pé kò sí ọmọ rẹ̀ tó gbọ́dọ̀ tà á, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fi ọgbà yí i ká. Ni àwọn tó ń gbè sẹ́yìn ọkùnrin tó ra ilẹ̀ náà bá ní, “Ta ló sọ ọ́?”

Tíṣà yẹ ìwé ọwọ́ rẹ̀ wò síwá sẹ́yìn. Ìyá Sàlámátù, ẹlẹ́pà, dìde lórí ẹní.

“Èmi ni. Iwájú mi ni ọkùnrin oníwèé yẹn jókòó sí. Mò ń pa ẹ̀pà, mò ń sọ ọ́, òun náà ń kọ ọ́.”

“Orúkọ yín dà níbẹ̀, Màmá?”

“Èmi ò mọ̀wé, ọmọ mi.”

“Ẹ ẹ̀ rí i báyìí! Ta ni ò lè dìde pé òun lòun sọ ọ́?”

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ìyá tún ìró rẹ̀ ró, ó lọ sílé. Ọgbà náà ò wó. Àjíkẹ́, mo wà níbẹ̀. Ẹni méjì péré ló wà láàárín èmi àti ìyá náà. Ká ní mo sọ ọ́ pé orúkọ wà létí ìwé yẹn tẹ́lẹ̀, pé èmi ni mo gé e, ó ṣeé ṣe kí gbogbo wa máa mu omi yẹn títí dòní. Mi ò lanu. Ojú tì mí láti kọ èyí sí ọ.

Nítorí náà, bí ẹ bá ń tẹ ìwádìí kan, tí orúkọ àwọn àgbà inú rẹ̀ gùn jàǹrànjanran, má ṣe gé e kúrú. Kọ ọ́ pé ọmọ ilé báyìí ni, iṣẹ́ báyìí ló ń ṣe, ọdún báyìí ló sọ ọ́. Ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ ni ọ̀rọ̀ fi ń dúró. Kí ẹ tó tún fi dísíkẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀mọ̀wé ọ̀nà jíjìn, ẹ tẹ ẹyọ kan sórí ìwé, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí àdúgbò tí wọ́n ti gba ọ̀rọ̀ náà. Kí nìdí tí tíṣà àgbàlagbà fi máa wọ mọ́tò mẹ́ta nítorí ìtàn ìlú ara rẹ̀? Bí ó bá wà lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀ á lè sọ ọ́ kó tó kú.

Nígbà tí mo ka lẹ́tà rẹ tán níjẹta, mo wọ bàtà, mo lọ bá Ìyá Sàlámátù. Ó ti darúgbó gan-an, ojú rẹ̀ ò ríran jìnnà mọ́, àmọ́ ó ṣì ń fọwọ́ pa ẹ̀pà, ọwọ́ rẹ̀ ò sì ṣìnà. Mo ní ọ̀rọ̀ kan ló gbé mi wá.

“Tó bá jẹ́ ti ọkọ Ràmọ́tà ni, mo ti fi sádùúrà.”

“Kì í ṣe ìyẹn, Ìyá. Ọ̀rọ̀ ìwé Dúródọlá ni.”

“Má pe orúkọ yẹn létí mi, jàre! Ọkùnrin yẹn jẹ ẹ̀pà mi, ó mu omi mi, ọjọ́ mẹ́ta ló fi ń jókòó nínú ilé mi, kò kọ orúkọ mi. Ó sọ mí di òpùrọ́ lójú ayé.”

“Ó kọ ọ́, Ìyá. Èmi ni mo gé e.”

Ọwọ́ rẹ̀ dúró. “Ìwọ, Làmídì?”

“Èmi ni.”

“Ìwọ tí o wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn?”

“Mo wà níbẹ̀, Ìyá.”

Mo dọ̀bálẹ̀. Ó ní, “Dìde. Àgbàlagbà bíi tìẹ kì í nà gbalaja sórí èèpo ẹ̀pà.” Mo dìde, mo wá rí i pé ó ń sunkún. Mo rò pé nítorí omi ni, tàbí nítorí ìtìjú ọjọ́ náà. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

“Láti ọjọ́ yẹn,” ó ní, “mi ò kírun kan kí n má dárúkọ ọkùnrin yẹn. Mo ní kí Ọlọ́run bi í. Mo ní kó má rí ìsinmi níbi tó wà. Òkú tí kò ṣẹ̀ mí ni mò ń ṣépè fún, Làmídì. Ta ló máa bá mi bẹ̀ ẹ́?”

Láti ìgbà yẹn, oorun mi ò já geere.

Lẹ́yìn náà ló ní kí n wá bébà. Ó tún ọ̀rọ̀ ìsun náà sọ láti ìbẹ̀rẹ̀, ó dárúkọ ẹni mẹ́rin tó mọ̀ pé wọ́n bá Dúródọlá sọ̀rọ̀ ní Ayọ̀bọ̀, ó sì sọ ohun tí kálukú wọn sọ. Mútíátù, ọmọ ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ tíṣà, jókòó tì wá, ó sì fọwọ́ sí i pé òun gbọ́. Bébà náà ló wà nínú lẹ́tà yìí. Ti Àgbàdo àti Ìgàndò kò sí níbẹ̀. Mi ò mọ ẹni tó kù lọ́hùn-ún, àmọ́ màá lọ bèèrè, bí eékún mi bá gbà fún mi.

Ó sọ nǹkan kan tí mo fẹ́ kí o fi ṣe òfin iṣẹ́ rẹ. Nínú ọ̀rọ̀ tó bá Dúródọlá sọ, ìtàn kan wà nípa orogún rẹ̀. Ó ní, “Àwọn ọmọ obìnrin yẹn ṣì wà láyé. Ẹ má da ìyẹn nù o, àmọ́ ẹ má fi han ayé àfi tí wọ́n bá gbà.” Ìyá tí kò mọ̀wé ló sọ bẹ́ẹ̀. Ìpamọ́ lọ́tọ̀, ìpín fún aráyé lọ́tọ̀, láíbìrì tó bá mọṣẹ́ á mọ ibi tí ọ̀kan parí sí. Kí o tó tú ọ̀rọ̀ ẹni síta, bi onítọ̀hún. Bí ó bá ti kú, bi àwọn ọmọ rẹ̀.

Nísinsìnyí, gbé ìwé náà kúrò lára èyí tí wọ́n fẹ́ dà nù. Ìdajì lẹ́tà tó kù létí rẹ̀, gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ tí Ìyá dá. Bí wọ́n bá bára mu, fi han Mádàámù. Bí ọ̀kan ò bá bára mu, kọ ọ́ sílẹ̀ gbangba pé kò bára mu. Má ṣe gbè wá.

Mádàámù á bi ọ́ pé ta ló gé e. Ìyá rẹ ní kí o sọ pé adìwé kan ni. Ó ní o ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, orúkọ mi lo sì ń jẹ́ níbẹ̀, kí n má lọ fi ẹ̀gbin ìgbà èwe mi bá ọ níbi tí o ti ń wá oúnjẹ. Mo gbọ́ tirẹ̀, ìfẹ́ ọmọ ló ń sọ̀rọ̀. Ẹ̀rù ń ba èmi náà. Kò wù mí kí àwọn tó ń bá ọ ṣiṣẹ́ máa wò ọ́ pé ọmọ ẹni tó ba ìwé jẹ́ rèé. Ṣùgbọ́n bí o bá kọ “adìwé kan,” Dúródọlá ò ní bọ́ nínú ẹ̀bi tán, torí àwọn tó ń sọ pé kò kọ orúkọ á ṣì rí nǹkan máa sọ.

Ohun tí mo fẹ́ kí o tẹ̀ sínú ẹ̀rọ náà, ṣáájú ọ̀rọ̀ yòówù nínú ìwé náà, nìyí: “Ọ̀gbẹ́ni Dúródọlá kọ orúkọ gbogbo ẹni tó bá a sọ̀rọ̀. Làmídì Àlàbí, adìwé ní Múṣin, ló gé orúkọ wọn dànù, ó sì purọ́ pé òun kọ́.” Tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Má tún un ṣe, má sì fi “bàbá mi” sí i kó lè rọ̀.

Lọ́jọ́ tí o bá tẹ̀ ẹ́ tán, gbé e wá sílé lórí bébà. Ìyá Sàlámátù ní òun fẹ́ kí ìwọ alára kà á sí òun létí, kí òun gbọ́ ọ pé wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọkùnrin yẹn ò jẹ̀bi, kí òun tó bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní òun ò mọ iye ìrun tó kù fún òun. Tètè máa bọ̀, ọmọ mi.

Èmi ni bàbá rẹ,
Làmídì Àlàbí.